Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Mi: Níbo Ni Ohùn Ti Máa Dákẹ́?

Lóṣù yìí, mo kó àwọn lẹ́tà tó jọra papọ̀. Gbogbo wọn dá lórí bí a ṣe ń tọ́jú ẹ̀dà ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, àti bí a ṣe ń dá kọ̀ǹpútà padà sípò tó bá dojú dé. Àwọn tí kò ríran ló kọ púpọ̀ nínú wọn. Etí lèmi náà fi ń lo kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹ má retí pé màá ní kí ẹ wo apá ọ̀tún lókè. Níbi tí mo bá ti sọ pé ètò asọ̀rọ̀, àwọn ètò tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sí wa létí ni mo ń sọ: NVDA, JAWS, Narrator tó bá Windows wá fúnra rẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ma. Olùkọ́ ni mí, láti kékeré ni mi ò ti ríran. NVDA ni mo ń lò lórí Windows. Láìpẹ́ yìí kọ̀ǹpútà mi kọ̀, kò wọlé mọ́. Ọmọ mi ti bá mi ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sínú háàdì dísìkì ìta tẹ́lẹ̀, ètò kan tí gbogbo ayé ń yìn ló fi ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ki flash ìgbàlà ètò náà, èyí tí a fi ń jí kọ̀ǹpútà tó kọ̀, bọ kọ̀ǹpútà, kò sọ nǹkan kan. Mo ń gbọ́ fáànù rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ti jí, mi ò kàn mọ ohun tó ń bi mí ni. Bí mo ṣe jókòó tì í nìyẹn títí ọmọ fi dé. Ṣé ó ṣeé ṣe kí n máa dá ṣe méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Ó ṣeé ṣe, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀dà yín kò ní àbùkù kankan, ohùn ni kò sí níbi tí ẹ ti fẹ́ lò ó. Tí àwọn tó ríran bá ń yan irú ètò báyìí, wọ́n á bèèrè bó ṣe yá tó àti bó ṣe ń fún fáìlì pọ̀ tó. Tiwa yàtọ̀. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ bèèrè lórí ètò yòówù tí wọ́n bá júwe fún yín ni pé: níbo ni ohùn ti máa dákẹ́?

Nígbà tí Windows bá ti jí tán, gbogbo ètò asọ̀rọ̀ ló ń ṣiṣẹ́, àyàfi tí ẹni tó kọ ètò ìpamọ́ náà bá fi bọ́tìnnì tí kò lórúkọ kún inú rẹ̀. Ní ojú ibi tí Windows ti ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí wọ́n ń pè ní Windows Recovery Environment, NVDA àti JAWS kò sí. Narrator nìkan ló ń bá yín débẹ̀. Tí a bá tún sọ̀ kalẹ̀ sí BIOS tàbí UEFI, níbi tí Windows kò tíì jí rárá, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀pọ̀ jùlọ kọ̀ǹpútà. Flash ìgbàlà tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe lè jọ ojú ìtúnṣe Windows, kí wọ́n má sì fi Narrator sí i. Ó jọ pé ibẹ̀ lẹ wà lọ́jọ́ náà.

Ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ má kúrò níbi tí Narrator wà. Kí ẹ sì tó ṣe ẹ̀dà kankan, ẹ lọ gbọ́ ohùn ibẹ̀ ná. Ẹ tọ́jú iṣẹ́ tó bá wà ní ṣíṣí, ẹ tẹ Windows àti R, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ yìí:

shutdown /r /o /t 0

Tí ẹ bá ti tẹ Enter, kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á sì jí sí ojú ìtúnṣe. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ wá tẹ Control, Windows àti Enter papọ̀. Narrator máa dáhùn. Tab àti àwọn ọfà ni ẹ ó fi máa rìn, ẹ ó sì gbọ́ Continue, Use a device, Troubleshoot àti Turn off your PC. Ẹ kàn rìn láàárín wọn kí etí yín mọ̀ wọ́n, lẹ́yìn náà ẹ dúró lórí Continue, ẹ tẹ Enter, Windows á padà bó ṣe wà. Kò sí ohun tó bàjẹ́.

Tí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ojú ìtúnṣe kì í mọ bí yóò ṣe lo gbohùngbohùn inú rẹ̀. Ẹ fi gbohùngbohùn etí tó ń lo USB dán an wò. Nígbà mìíràn ìyẹn ló máa ń gbà. Tó bá sì jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kọ̀ láti lọ sójú ìtúnṣe rárá, ẹ ṣí Command Prompt, ibi tí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ àṣẹ, pẹ̀lú àṣẹ alákòóso (màá sọ bí a ṣe ń ṣí i nísàlẹ̀), ẹ kọ reagentc /info. Tí ó bá sọ pé Disabled, reagentc /enable ló ń jí i. Mo mọ èèyàn púpọ̀ tó ní háàdì dísìkì mẹ́ta tó kún fún ẹ̀dà, tí wọn kò ṣe ìdánwò yìí rí. Lójú tèmi, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ó wá kan ẹ̀dà gbogbo kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Láti 2017 ni Microsoft ti kéde pé àwọn ń dẹwọ́ lórí ètò System Image tó wà nínú Windows, pé kí àwọn èèyàn máa lo ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú Windows 10 àti 11, ojú ìtúnṣe tó ń sọ̀rọ̀ yẹn náà la sì ti ń dá a padà. Ìyẹn ló jẹ mí lógún.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni mo fi ń ṣe é, torí kò sí bọ́tìnnì tí èèyàn ń táràrà wá kiri. Ẹ tẹ Windows, ẹ kọ cmd, kí ẹ tẹ Control, Shift àti Enter papọ̀. Windows á bi yín bóyá ẹ gbà. Alt àti Y ni ìdáhùn. NVDA tí ẹ fi sínú kọ̀ǹpútà gan-an máa ka ìbéèrè yẹn fún yín. NVDA orí flash kì í lè kà á, á kàn dákẹ́ lójijì ni, nítorí náà ẹ má rò pé kọ̀ǹpútà ti gan. Tó bá jẹ́ E ni lẹ́tà háàdì dísìkì ìta yín, ẹ kọ:

wbadmin start backup -backupTarget:E: -include:C: -allCritical -quiet

-allCritical ni kó kó gbogbo ibi tí Windows nílò kó tó lè jí, títí kan àwọn apá kéékèèké tí kò ní lẹ́tà. -quiet ni kó má bi yín ní ìbéèrè kankan. Nítorí pé kò ní bi yín, ẹ rí i dájú pé E ni lóòótọ́. Mo máa ń fún háàdì kọ̀ọ̀kan lórúkọ tí etí kò lè ṣì gbọ́: ẹ lọ sórí rẹ̀ ní This PC, ẹ tẹ F2, kí ẹ sọ ọ́ ní IPAMO tàbí ohun tó bá wù yín. Láti ìgbà náà lọ, ohùn á máa pe orúkọ yẹn kó tó pe lẹ́tà. Ẹ tún so rọ́bà mọ́ háàdì náà kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ọ̀nà tí háàdì náà fi ń to fáìlì gbọ́dọ̀ jẹ́ NTFS.

Tí iṣẹ́ náà bá parí, fódà kan tó ń jẹ́ WindowsImageBackup á wà nínú háàdì. Ẹ má yí orúkọ rẹ̀ padà, ẹ má sì gbé e wọnú fódà mìíràn, torí orúkọ yẹn ni Windows máa wá lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ ó gba Troubleshoot, Advanced options, System Image Recovery. Tí ẹ kò bá gbọ́ ọ níbẹ̀, ó wà lábẹ́ See more recovery options. Yóò pa gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì inú kọ̀ǹpútà rẹ́, yóò sì dá a padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ ṣe ẹ̀dà. Tí ẹ bá ti pààrọ̀ dísìkì, tuntun náà kò gbọ́dọ̀ kéré sí ti àtijọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àìsàn ló nílò iṣẹ́ abẹ. Tó bá jẹ́ pé ètò kan tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i ló dà á rú, System Restore, tó ń dá ètò Windows padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ kan ṣáájú, ti tó. Windows àti R, kí ẹ kọ rstrui. Kò ní fọwọ́ kan lẹ́tà àti àwòrán yín, ṣùgbọ́n àwọn ètò tí ẹ fi sí i lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ yàn lè lọ, títí kan ètò asọ̀rọ̀ tàbí ohùn tuntun tí ẹ rà. Narrator kì í lọ. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n ti tan System Restore sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín, torí pípa ló máa ń wà lórí òmíràn: sysdm.cpl ni ẹ ó kọ, kí ẹ wá lọ sí System Protection.

Ohun kan tún kù tí àwọn tó ríran kì í rántí sọ fún wa. Ẹ ṣe ẹ̀dà ohùn yín. Nínú NVDA, ẹ tẹ NVDA àti N, ẹ lọ sí Tools, ẹ yan Create portable copy, kí ẹ sì rí i pé àpótí Copy current user configuration ní àmì. Gbogbo ohun tí ẹ ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọ máa wọnú flash náà: bó ṣe ń yára sọ̀rọ̀, ìwé atúmọ̀ tí ẹ fi ṣàtúnṣe orúkọ tó ń ṣì pè, àwọn àfikún tí ẹ kó jọ. Lórí Windows tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún fi sí kọ̀ǹpútà, Narrator ló máa mú yín dé orí flash. Ẹ tẹ Enter lórí nvda.exe, ohùn tiyín á dé, ibẹ̀ náà ni ẹ ó sì ti fi sínú kọ̀ǹpútà padà. Ẹni tó ń lo JAWS ní irú ọ̀nà yìí lábẹ́ Utilities, ní Import/Export. Ètò asọ̀rọ̀ tí a ń sanwó fún lè máa ka iye kọ̀ǹpútà tí a ti fi sí, nítorí náà ẹ bojú wo àṣẹ ìlò yín kí ẹ tó pa dísìkì rẹ́.

Ní ti flash ìgbàlà Windows, recoverydrive ni orúkọ ètò tó ń ṣe é. Flash tí kò dín ní 16GB ni kí ẹ wá, 32GB sàn jù fún Windows 11, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ló sì máa parẹ́. Tí ojú ìtúnṣe inú kọ̀ǹpútà bá ṣì wà láàyè, Use a device ló máa gbé yín lọ sórí flash náà. Tí ìyẹn náà bá ti kú, ẹ ó ní láti gba inú BIOS tí kò lóhùn kọjá. Bọ́tìnnì tó ń pe ibi tí a ti ń yan flash kò dọ́gba: F12 ni lórí òmíràn, F9 tàbí Esc lórí òmíràn. Nísinsìnyí tí ara kọ̀ǹpútà le ni kí ẹ wádìí tiyín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ka iye ìgbà tí ẹ ó tẹ ọfà kí ẹ tó dé orí flash. Seeing AI, ètò orí fóònù tó ń ka ohun tí kámẹ́rà bá rí, lè ka ojú náà. Be My Eyes tún wà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Denmark ní 2015: ẹ ó dojú kámẹ́rà kọ kọ̀ǹpútà, ẹni tó ríran níbìkan láyé á sì kà á fún yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹ lẹ́ o, Àǹtí. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí, mi ò ríran. Inú OneDrive, ibi ìpamọ́ Microsoft lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni gbogbo iṣẹ́ mi wà. Ṣé mo ṣì nílò háàdì dísìkì?

ÌDÁHÙN: O nílò rẹ̀, àbúrò mi. Iṣẹ́ OneDrive ni pé kí ohun tó wà níbí àti èyí tó wà lọ́hùn-ún bára mu. Tí o bá ṣèèṣì pa fódà kan rẹ́ níbí, á parẹ́ lọ́hùn-ún náà. Recycle bin rẹ̀ ń gbà á dúró fún ọjọ́ 30 lórí àkáǹtì ti ara ẹni, lẹ́yìn náà ó di ìgbàgbé. Ẹni tó ríran lè ṣàdédé kíyè sí i pé fódà kan kò sí níbi tó máa ń wà mọ́. Àwa kì í mọ̀ àfi lọ́jọ́ tí a bá wá a, ọjọ́ náà sì lè ti kọjá 30.

Wá háàdì kékeré kan. Kọ́kọ́ dúró lórí fódà OneDrive, tẹ Shift àti F10, kí o yan Always keep on this device, torí púpọ̀ nínú fáìlì tí o ń gbọ́ orúkọ wọn níbẹ̀ lè má sí lórí kọ̀ǹpútà rẹ rárá. Lẹ́yìn náà, nínú Command Prompt, fi robocopy, ètò Windows tó ń da fáìlì kọ, ṣe é:

robocopy "%OneDrive%" "E:\Ise" /E /R:2 /W:5 /NP /LOG:"E:\iroyin.txt"

Má fo /R àti /W o. Tí o kò bá kọ wọ́n, tí robocopy bá kan fáìlì kan tó kọ̀ láti ṣí, á gbìyànjú rẹ̀ nígbà mílíọ̀nù kan, á sì máa dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 láàárín ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan. Ìwọ á jókòó, o ò ní gbọ́ nǹkan kan, o ò sì ní mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ti há. Èyí tí mo kọ yìí ní kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì péré. /NP ni kó má kọ ìdá ọgọ́rùn-ún sínú ìròyìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nọ́ńbà á kàn máa ro gooro sí ọ létí ni.

Tó bá parí, ṣí iroyin.txt, tẹ Control àti End, kí o wá máa tẹ ọfà òkè títí o ó fi gbọ́ ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Files. Nọ́ńbà mẹ́fà ló tẹ̀ lé e. Ìkarùn-ún ni iye fáìlì tó kùnà. Òdo la fẹ́. Tí ẹnì kan bá sì ní kí o fi /MIR rọ́pò /E, bi í bóyá ó mọ̀ pé /MIR ń pa ohunkóhun tí kò sí nínú OneDrive mọ́ rẹ́ kúrò nínú háàdì. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ ra háàdì nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ma. Ìyá mi ni kò ríran, JAWS ni wọ́n ń lò. Lọ́jọ́ kan kọ̀ǹpútà wọn jí sí ojú búlúù, ó ń bèèrè nọ́ńbà gígùn kan tí wọ́n pè ní recovery key. Wọn ò gbọ́ ohùn kankan, wọ́n rò pé kọ̀ǹpútà ti kú, wọ́n fẹ́ gbé e fún ẹni tó máa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Èmi ni mo dé tí mo kà á. Báwo ni mo ṣe lè bá wọn múra sílẹ̀ láìgba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́?

ÌDÁHÙN: Inú mi dùn sí gbólóhùn rẹ ìkẹyìn yẹn.

BitLocker ló ń bèèrè nọ́ńbà náà, ètò tó ń ti dísìkì pa kí olè má baà rí inú rẹ̀. Àyípadà nínú BIOS, tàbí jíjí láti orí flash, lè mú kó fura, kó sì bèèrè. Díjíìtì 48 ló wà nínú nọ́ńbà náà, ní ọ̀wọ́ mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mẹ́fà. 11 gbọ́dọ̀ pín ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan láìṣẹ́kù, ìyẹn ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ̀ tí èèyàn bá ṣì í tẹ̀.

Jẹ́ kí ìyá rẹ fúnra wọn mú un jáde nísinsìnyí tí JAWS ń sọ̀rọ̀. Nínú Command Prompt alákòóso, kí wọ́n kọ:

manage-bde -protectors -get C:

Nọ́ńbà náà á jáde, kí wọ́n kọ ọ́ ní Braille tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sínú fóònù wọn, ní ọ̀wọ́ mẹ́fà-mẹ́fà bó ṣe wà. Kí ó má ṣe wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan. Orí ilẹ̀kùn tó tì pa la ó tún máa kàn.

Ìbéèrè kan sì wà fún ìwọ gan-an: ta ló fi orúkọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ṣí kọ̀ǹpútà náà? Inú àkáǹtì Microsoft tí wọ́n fi ṣí i ni Windows sábà máa ń tọ́jú nọ́ńbà yìí sí. Tó bá jẹ́ àkáǹtì tìrẹ lo fi bá wọn ṣe é kó lè yá, ọ̀dọ̀ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ ilé wọn wà, wọn ò sì mọ̀. Ẹ yí i padà sí tiwọn. Mo máa ń bá irú èyí pàdé nínú lẹ́tà yín, ìfẹ́ ló sì máa ń fà á.

Tí o bá ń kà á fún wọn lọ́jọ́ mìíràn, ka ohun tí wọ́n kọ gan-an, látòkè wá sísàlẹ̀, kí o sì sọ èyí tí kọ̀ǹpútà dúró lé. Má sọ pé “ó ní nǹkan kan ṣẹlẹ̀, mo ti tẹ OK.” Ọwọ́ tiwọn ni kó wà lórí kíbọ́ọ̀dù.

ÌBÉÈRÈ: Mac ni mo ń lò ní tèmi, ọ̀rẹ́ mi ń lo Linux. Ṣé ẹ ti gbàgbé wa ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, ìyọnu yín ni kò pọ̀. Láti 2007 ni Time Machine, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà, ti wà nínú Mac. Ẹ so háàdì mọ́ ọn, ẹ yan án nínú System Settings, VoiceOver, ètò asọ̀rọ̀ Mac, á ka gbogbo rẹ̀. Ó ń ṣe ẹ̀dà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 24 tó kọjá, lójoojúmọ́ fún oṣù tó kọjá, àti lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún èyí tó ṣáájú ìyẹn, títí háàdì á fi kún. Ní ojú ìtúnṣe macOS, Command àti F5 ló ń jí VoiceOver. Lórí Mac tó ní ṣíìpù Apple nínú, bọ́tìnnì ìtanná ni ẹ ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti débẹ̀. Lórí ti Intel, Command àti R ni nígbà tó bá ń jí. Fáìlì ẹyọ kan tó sọnù, inú Finder, ibi tí Mac ń to fáìlì sí, ni mo máa gbà lọ wá a nínú háàdì náà. Ojú Time Machine tó ń fò láti ọjọ́ dé ọjọ́ yẹn, ẹwà ojú ni wọ́n fi ṣe, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún etí.

Fún ọ̀rẹ́ yín: tó bá jẹ́ Debian, irú Linux kan, ló fẹ́ tún fi sí kọ̀ǹpútà, kò nílò ẹnikẹ́ni. Kí ó jí kọ̀ǹpútà láti orí flash Debian. Tí ojú àkọ́kọ́ bá ti ṣetán, kọ̀ǹpútà á dún, ẹ̀ẹ̀kan lórí BIOS àtijọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lórí UEFI. Kí ó tẹ s, kí ó tẹ Enter, ètò ìfisórí náà á máa sọ̀rọ̀ láti ìbéèrè àkọ́kọ́ dé ìparí, tí Debian bá sì jí, ètò asọ̀rọ̀ á ti wà nínú rẹ̀.